Kálígárì Kì Í Ṣe Iléṣà

Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti bínú tán, tó wá kan èmi.

Bùrọ̀dá mi Ràṣídì,

Kí n tó kí yín rárá, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi Fárúkù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ni mo wa bàálù gbé Ìyá Àgbà láti Iléṣà dé Kálígárì ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Mi ò lo pápákọ̀ òfurufú kankan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbéra. A fò kọjá lórí aṣálẹ̀, a jẹ búrẹ́dì àti àkàrà lókè òkun, àwọn awakọ̀ ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Nígbà tí a balẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kan ilẹ̀, mo pọ̀n wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ibi tí ẹ ń gbé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ibí ò kúkú jìn." Gbogbo ìrìn àjò yẹn, kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná ni mo fi ṣe é.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn.

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì kú irọ́.

Ẹ mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá ń lọ gbé ìlú mìíràn, Bàbá á jókòó ti tábìlì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, wọ́n á kọ lẹ́tà gígùn fún un. Àǹtí Rọ́fíà gba tiwọn nígbà tí wọ́n lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin, ó ṣì wà nínú àpótí wọn títí dòní. Mo ní kí Bàbá kọ tiyín. Wọ́n ń fá pákó lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ni kí n kọ̀wé sí?"

"Bùrọ̀dá Ràṣídì ni."

"Ràṣídì tó wà ní Iléṣà? Iléṣà tí mọ́tò ń lọ láàárọ̀, tó ń padà bọ̀ kí oòrùn tó mú? Kó wọkọ̀ wálé kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo yíjú sí Màmá. Màmá ní bí àwọn bá mú báírò báyìí, ohun tí àwọn máa kọ ò ní ṣeé kà létí ọmọ Mùsùlùmí. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Nítorí náà, títí lẹ́tà yìí á fi parí, èmi ni bàbá yín, èmi náà ni ìyá yín. Mo tilẹ̀ fẹ́ máa pè yín ní "ìwọ" bí òbí ṣe ń pe ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, "ẹ" ni báírò mi kọ. Ẹ ṣáà ṣe bí ẹni pé mo pè yín bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n (ẹ má bínú), ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ rèé: ẹ má ṣe fi orúkọ ibi tó wà nítòsí bo ibi tó jìnnà mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí àárọ̀ tí ẹ lọ. Ẹ̀yin, Bàbá, Màmá àti èmi nìkan la mọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni títí bàálù á fi balẹ̀, nítorí ayé. Ó dáa. Ta ni ò mọ ayé? Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìdajì àwọn tí a jọ dàgbà níbí, fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú kóòtù ńlá la fi mọ̀ pé wọ́n ti kúrò ní Òṣogbo. Màmá wá ní ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè yín, ká sọ pé ẹ ti ríṣẹ́ sí Iléṣà. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ pé Kánò." Wọ́n ní Kánò ti jìn jù, pé tí Ìyá Àgbà bá gbọ́ Kánò, wọn ò ní í fojú ba oorun.

Ẹ balẹ̀ láyọ̀. Mo ní ó tán, ká sọ òótọ́. Ẹ ní ká dúró kí ẹ rí yàrá ná. Ẹ rí yàrá. Ẹ ní ká dúró kí ẹ ríṣẹ́. Ẹ ríṣẹ́. Ẹ tún ní ká dúró kí òtútù rọlẹ̀. Kí ló kan òtútù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé òtútù ló máa bá yín sọ ọ́ ni?

Ibi tó ti wá bàjẹ́ pátápátá ni pé ẹ̀yin àti Màmá gbàgbé ìlú Ìyá Àgbà. Iléṣà ni wọ́n bí wọn sí. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti fẹ́ wọn wá sí Òṣogbo, kò sí ọmọ wọn kan tó padà lọ gbé ìlú wọn, kò sí ọmọ ọmọ wọn kan. Àfi ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀! Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yan kiri Òkè Baálẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. "Ràṣídì mi wà nílé wa o. Ẹ̀jẹ̀ mi ló pè é." Wọ́n á di àádùn sínú ewé, wọ́n á rán mi lọ sí ibùdókọ̀ kí n fi fún awakọ̀ Iléṣà kó bá wọn gbé e fún yín. Àádùn yẹn ò rí Iléṣà rí. Èmi àti àwọn awakọ̀ la jọ ń jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Ó dùn o, mi ò ní purọ́, àmọ́ gbogbo bí mo ṣe ń gbé e mì ni mo ń bínú sí yín.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ìyẹn ọdún tó kọjá, èmi náà ṣe irú àṣìṣe yìí. Mo lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè, mo sọ fún Màmá pé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ àtúnṣe fóònù ní Alekuwodo ni mo wà. Màmá ra ìrẹsì, wọ́n ní kí n má baà pebi kú, wọ́n gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú ọ̀tá mi rí i. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni mo fi ń kọ́ yín: irọ́ tó bá wà nítòsí, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ ká a mọ́lé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiyín ò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ kiri láàárín Òṣogbo sí Iléṣà ni.

Ìmọ̀ràn kejì: ẹ máa wo ibi tí oòrùn wà kí ẹ tó pe èèyàn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè wá lórí fídíò lẹ́yìn ìrun Ìṣáà. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin jókòó síwájú fèrèsé, oòrùn ọ̀sán gangan ń ràn lẹ́yìn yín, ilẹ̀ ìta funfun láúláú. Kí n tó sá, Ìyá Àgbà ti gba fóònù.

"Ràṣídì, oòrùn wo nìyẹn?"

Ẹ̀yin náà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà: "Iná ni, Ìyá Àgbà. Iná tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí àdúgbò wa."

"Ilẹ̀ ńkọ́? Ta ló da ẹfun sílẹ̀ báyẹn?"

Màmá já fóònù gbà, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́! Ìyá Àgbà na ọrùn wo fóònù lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọyẹ́ ilé wa ò rí báyìí. Iléṣà mà ti dàgbà o."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lẹ ti pa fídíò tì. Màmá nìkan lẹ ń pè, ìgbà tí Ìyá Àgbà bá sì ti sùn ni. Tí wọ́n bá jí, tí wọ́n bá bèèrè yín, Màmá á ní, "Ara rẹ̀ le. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ní ká kí yín." Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, lójoojúmọ́, bí ẹni ń ka kéú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyẹn bí.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ò rí Ìyá Àgbà. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà ní títẹ́, báàgì tí wọ́n fi lọ Mẹ́kà ò sí lórí ìkọ́. Màmá ké, wọ́n ní, "Fárúkù, Iléṣà!" Mo sáré dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ tó gbé wọn ti padà dé, ó ní, "Ọ̀gá aláàádùn, màmá yín àgbà ti dé Ìjọ̀kà ní Iléṣà tipẹ́." Ẹ ò rí i? Iléṣà tí ẹ fi bojú nítorí pé ó sún mọ́lé, ìsúnmọ́lé ọ̀hún ló tú wa fó.

Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn. Ẹ mọ ilé yẹn, níbi tí Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, ọmọ àbúrò wọn, ń gbé pẹ̀lú ìyàwó. Ìyá Àgbà lóṣòó sílẹ̀. Wọn ò jókòó o, wọ́n lóṣòó ni, pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ń fi àga kírun nítorí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni bàbá tó bí wọn, tó ń gbé aṣọ kiri abúlé. Ẹni tó bá ra àwìn tí kò san án, bàbá náà á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, kò ní í dìde títí á fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹkùn kúkú ni Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni mo wá gbà. Òṣó ni mo ló yìí. Mi ò dìde títí ẹ ó fi mú Ràṣídì jáde."

Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ti làágùn. "Àlájà, mo fi Ọlọ́run búra, láti Iléyá tí a jọ jẹran lọ́dọ̀ yín, mi ò fojú kan Ràṣídì."

"Ṣẹ́gun, o ń purọ́."

"Àlájà, tí mo bá ń purọ́, kí..."

"Má búra mọ́. Tí o ò bá purọ́, a jẹ́ pé àwọn tó wà ní Òṣogbo ló ń purọ́. Irú irọ́ wo nìyẹn?"

Wọ́n rí mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Fárúkù, ìwọ ni kí o sọ fún mi. Ó ti kú, àbí?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá.

Wọ́n ní, "Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kú, èmi ni wọ́n rán pé kí n máa bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Mo ní ọmọ náà ríṣẹ́ sí Kánò. Mo ní ara rẹ̀ le. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mo ní ó ní ká kí yín. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́, títí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn fi mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Fárúkù. Mo mọ̀ ọ́n sọ jù yín lọ."

Bùrọ̀dá mi, ẹ dúró níbí kí ẹ ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá yín ló pàṣẹ, ìyẹn èmi.

Bí mo ṣe tú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ẹ ò kú, ẹ wà ní Kánádà, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Kálígárì. Wọ́n ní irọ́ mìíràn tún nìyẹn, pé a tún ti sún òkú yín síwájú sí i. Mo bá yọ fóònù, mo ṣí àwòrán ilẹ̀ ayé. Ìyá Àgbà kì í ṣe ara oko, ẹ mọ̀, wọ́n ti wọ bàálù lọ Mẹ́kà rí. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ létí ìborùn wọn. Mo fi orí rẹ̀ lé Èkó, mo nà án dé Jẹ́dà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, mo gé e. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ìrìn àjò Mẹ́kà yín rèé." Mo wá gbé òwú yẹn, mo fi ń wọn ọ̀nà tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan, ó wà lórí aṣálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wà lórí òkun. Ìgbà tí mo gbé e lẹ́ẹ̀kẹta ló tó kan yín lára.

"Mẹ́kà mẹ́ta?"

"Ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́ta."

"Láìsọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Jámánì, ẹ dúró, ẹ wọ òmíràn, tó tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ẹni tó bá kúrò ní Òṣogbo lónìí, ọ̀la ló máa bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní tí èèyàn bá fi ọ̀nà yẹn ka Iléṣà, á lọ Iléṣà láti Òṣogbo ní ìgbà tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Mo ní oòrùn ọjọ́sí, oòrùn ni lóòótọ́, nítorí pé nígbà tí àwa bá ń kí Ìṣáà, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Mo rò pé orí wọn á wú. Wọ́n ń yí òwú yẹn mọ́ ìka.

Wọ́n ní, "Nígbà tí mo fẹ́ lọ Mẹ́kà kan ṣoṣo, mo yí Òkè Baálẹ̀ ká. Ẹni tí mo ṣẹ̀, ẹni tí mi ò ṣẹ̀, mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n foríjì mí, nítorí ẹni tó wọ òfurufú ò mọ̀ bóyá òun á padà. Mo bẹ Ràṣídì pàápàá. Ọmọdé ni nígbà yẹn. Mo ti fi ìgbálẹ̀ nà án nítorí ẹran, mo jókòó tì í, mo ní kó foríjì mí. Ó ní òun ti foríjì mí."

Wọ́n tú òwú náà kúrò ní ìka.

"Ó lọ Mẹ́kà mẹ́ta. Kò wọ yàrá mi wá dágbére."

Mo pa fóònù, mo fi sápò. Èmi, Fárúkù, tí mo ní èsì fún tíṣà, fún ọlọ́pàá, fún gbogbo Alekuwodo.

Èdè Ìjẹ̀ṣà wọn padà sẹ́nu, wọ́n ń bá Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun sọ ọ́ wàràwàrà, orúkọ yín nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà kí á gbé àwọn dìde, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti bá mi padà. Wọ́n ní, "Iléṣà ló sọ pé òun wà. Iléṣà ni n ó ti dúró dè é." Màmá lọ lánàá, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Màmá. Ẹ̀yin náà pè, wọn ò gbé e. Wọ́n ní ohùn lásán lè jẹ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, Bàbá ń fá pákó tí kò ní í di nǹkan kan. Màmá ń se oúnjẹ, wọ́n ń gbàgbé iyọ̀. Ilé yìí ti sú mi. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí Òṣogbo ṣe jìnnà sí Iléṣà lóòótọ́, ẹ wá wo bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà tó wà ní títẹ́ láti Jímọ́ọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kẹta, àṣẹ sì ni. Fọ́tò lẹ́tà yìí ni màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín lálẹ́ yìí, ẹ má sọ pé ẹ ò tètè rí i. Ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn Ìṣáà wa, màá wà ní Ìjọ̀kà pẹ̀lú fóònù tí mo ti fi iná kún. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ yín. Ẹ gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pè lórí fídíò, kì í ṣe nínú yàrá, ìta ni kí ẹ wà. Ẹ fi oòrùn han Ìyá Àgbà, kí ẹ pè é ní oòrùn. Ẹ fi yìnyín hàn wọ́n, kí ẹ pè é ní yìnyín. Kí ẹ gbé fóònù síbì kan tó dúró, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yìnyín yẹn, àyà yín kó kàn án. Ẹ má sọ pé kóòtù yín á rin. Kó rin!

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ìrìn àjò tí ẹ ò dágbére rẹ̀, ẹ ò tíì lọ. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ìyá Àgbà, mo fẹ́ lọ sí Kálígárì. Ó jìn gan-an. Ohun tí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí." Kí ẹ wá dákẹ́, kí wọ́n ṣàdúrà. Tí wọ́n bá dá yín dúró sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹnu yín á fi dì, ẹ dúró.

Ìmọ̀ràn tó kù ò pọ̀. Ẹ máa jẹun. Ẹ máa kírun lásìkò, àsìkò tiyín. Ẹ má fi bàálù tó ń yára tan ara yín: ọ̀nà tí ẹ ò lè gbà wálé wá jẹ oúnjẹ alẹ́, ẹ má pè é ní ìtòsí mọ́ láé. Àjò ò sì dùn kí onílé má relé. Ẹ máa fọkàn sí i.

Èmi tí mo jẹ́ bàbá yín fẹ́ padà di àbúrò yín báyìí, iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òbí tó ń gbani nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ parọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni mo wa bàálù: ìka mi ni bàálù, òwú ìborùn lọ̀nà. Òótọ́ ni búrẹ́dì àti àkàrà, ìyàwó Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ló gbé e wá nígbà tí a dé orí òkun. Òótọ́ ni pé àwọn awakọ̀ ń pè mí ní ọ̀gá, nítorí àádùn yín. Òótọ́ sì ni pé mo pọ̀n wọ́n, orúnkún wọn ti kú nígbà tí a gbé wọn dìde, èmi ni mo pọ̀n wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá.

Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo fi kún un. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò sì sọ pé ibẹ̀ ò jìn.

Fárúkù